Iṣẹ́ Ẹrú Tí A Fi T'Ọmọ Jẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ìgbé-Ayé Orlando Martins, Òṣèré

 

Ìtàn òṣèré kan ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé èyí yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan gbọ́ ọ, wọ́n bi wá pé kí ni ó da alùfáà pọ̀ mọ́ òṣèré, nígbà tí ìtàn àwọn Bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ajíhìnrere wa kò tíì tán nílẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, a ó sì dáhùn rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wá bá wa láti Ayétòrò. Opó ni, ọmọ ìjọ sì ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń ya sinimá Yorùbá, ṣùgbọ́n ipa kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún un nígbà gbogbo: ipa olè ni. Ojú ọmọ náà le, ara rẹ̀ sì síngbọnlẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹni tí yóò fọ́ ilé nínú eré, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ìyá náà wí fún wa pé, "Baba, bí mo bá wọ ọjà, wọn a ní ìyá olè ń bọ̀. Àwọn ọmọdé ń fi mí ṣe ẹ̀rín. Ẹ bá mi bá a wí kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀." A kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà bí ó ti yẹ. A bá a gbàdúrà, a sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wa.

Ohun tí ìyá náà ń béèrè, bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni pé, ṣé ẹ̀gàn ni kí ènìyàn máa ṣe ipa tí kò níyì nínú ìtàn tí ẹlòmíràn kọ? Èkejì ni pé, bí kò bá jẹ́ ẹ̀gàn, báwo ni a ó ti ṣe é tí iyì ti ara wa kò fi ní sọnù? Àwọn baba wa ní òwe kan tí ó kó ìdáhùn náà sínú. Wọ́n ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi t'ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó rán wa lè rán wa bí ẹrú. Ṣùgbọ́n bí a ó ti jẹ́ iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwa tí a rán ni ó wà. Ọkùnrin tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ yìí, iṣẹ́ ẹrú ni ayé rán an ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ó fi t'ọmọ jẹ́ ẹ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti rán ara wa létí pé kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní eré ṣíṣe. Láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ títí dé Kétu ní ìhà kejì ààlà, àwọn baba wa ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ a jáde sí gbangba ọjà, a sì fi orin bá àwọn aṣebi wí; bí ilẹ̀ bá sì mọ́, àwọn ọkùnrin a gbé ère igi tí ó ní ojú obìnrin lé orí, wọn a wọ aṣọ obìnrin, wọn a sì jó láti fi bọlá fún àwọn ìyá. Ní ọdún 2008, àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, lórúkọ ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwa ọmọ ìjọ kò bá wọn lọ́wọ́ nínú ètùtù rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n òye kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a mú lò. Bí eré bá tán, tí ọkùnrin náà sọ ère orí rẹ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní obìnrin. Àgbẹ̀ ni yóò tún jẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ó sì bá a ní oko rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wa, èéṣe tí a fi ń pe ọmọ opó ní olè ní ọjà Ayétòrò?

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú ìtàn wa.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni a bí Orlando Martins ní Èkó. Martins kì í ṣe orúkọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àwọn Àgùdà ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ìdírókò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, bíi da Silva àti de Souza. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ni wọ́n, àwọn tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún láti padà wá sí etí òkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ àti sí ìlú mìíràn. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni baba Martins ti wá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹrú àti iṣẹ́ ọmọ, kì í ṣe òwe nìkan ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní ilé tí a bí i sí.

Ní ọdún 1913 a fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń kó èédú sínú iná nínú ọkọ̀ ńlá tí a ń pè ní Mauretania. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni a ti ń ṣe é, níbi tí ooru ti ń bó ni lára, tí ẹni tí ń ṣe é kì í rí òkun tí ó ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn tí ó wà lókè ń jẹun, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Wọn kò mọ orúkọ ẹni tí ń kó èédú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró.

Ní ọdún 1919 ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Ìgbà náà kì í ṣe ìgbà tí ó dára fún ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ti parí, àwọn ọmọ ogun ń padà sílé, iṣẹ́ sì wọ́n. Ní ọdún kan náà ni àwọn funfun dìde sí àwọn dúdú ní Cardiff, ní Liverpool àti ní àwọn èbúté mìíràn, tí wọ́n lù wọ́n, tí wọ́n sì ba ilé wọn jẹ́. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ó ga, ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ohun tí ó ní láti tà nìyẹn. Ní ọdún 1920, ó wà lára àwọn tí ń kún orí ìtàgé nígbà tí ẹgbẹ́ oníjó ará Rọ́ṣíà tí Diaghilev ń darí bá ń ṣeré. Ó jìjàkadì fún owó níwájú èrò, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Black Butcher Johnson", èyíinì ni Johnson Alápatà Dúdú. Ó fara hàn nínú sinimá tí kò ní ohùn, tí a ń pè ní If Youth But Knew, ní ọdún 1926. Ó sì bá àwọn tí ń ṣe eré olórin Show Boat rin ìrìn-àjò, ó ń kọrin pẹ̀lú wọn.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìjàkadì yìí. Kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìsàmì rẹ̀. Orúkọ tí yóò dẹ́rù ba èrò ni. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ fún ogójì ọdún ni a ti rí níbẹ̀: àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa pinnu ohun tí ojú rẹ̀ jẹ́.

Ní ọdún 1935 ni sinimá tí a ń pè ní Sanders of the River jáde. Ìtàn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, tí ń ṣàkóso àwọn ènìyàn dúdú ní etí odò bí baba ti ń ṣàkóso ọmọ aláìgbọ́n. Paul Robeson, olórin ńlá láti Amẹ́ríkà, ni ó ṣe olóyè tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ajẹ́lẹ̀ náà. Orlando Martins ní ipa kékeré níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ará Kẹ́ńyà kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Jomo Kenyatta, ẹni tí ó di Ààrẹ Kẹ́ńyà ní ọdún 1964. A kò ní fi ọ̀rọ̀ bọ yín lójú: sinimá náà kò yìn wá. Ó fi wá hàn bí ẹni tí kò lè jókòó ní àlàáfíà bí òyìnbó kan kò bá dúró tì wá. Robeson tìkára rẹ̀ kórìíra rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. A kò lè wí pé Martins kò ní ìpín nínú ẹ̀bi yìí. Owó ni ó gbà, ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ebi kò pa ní ìlú àjèjì rí ni ó lè dá a lẹ́jọ́ kánkán. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń wàásù òtítọ́ kò gbọdọ̀ pe ohun tí ó wọ́ ní títọ́.

Ó sì tọ́ kí a sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, ní Westminster Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, a ṣe eré kan tí C. L. R. James, ọmọ ilẹ̀ Trinidad, kọ lórí Toussaint Louverture, ẹrú tí ó di ọ̀gágun, tí ó ṣáájú àwọn dúdú ní Háítì nínú ìjà òmìnira. Robeson ni ó ṣe Toussaint. Martins ni ó ṣe Boukman, ẹni tí ó gbé ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú dìde ní ọdún 1791. Ọkùnrin kan náà ni, ohùn kan náà, ìlú kan náà, ọdún kan péré ni ó sì wà láàárín. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó kọ ìtàn náà. Ẹ̀yin ará, ẹ di èyí mú, nítorí a ó padà sí i.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni orúkọ rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ṣeré nínú The Man from Morocco ní ọdún 1945. Ní ọdún 1946 ni Men of Two Worlds jáde, sinimá tí ó kan àwa ọmọ ìjọ ju bí a ti rò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kisenga, tí Robert Adams ará Guyana ṣe, ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti di olórin tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ó padà sí Tanganyika láti ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun ti gba ilẹ̀ wọn, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò. Magole, adáhunṣe ìlú náà, ni ó dojú kọ ọ́, ó sì wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí. Martins ni ó ṣe Magole.

Ipa tí ẹni tí a tọ́ ní ilé Kristẹni yóò fẹ́ sá fún ni èyí. Ó sì rọrùn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́: kí ó máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó máa pariwo, kí àwọn òyìnbó máa rẹ́rìn-ín. Martins kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wo sinimá náà yóò rí ọkùnrin tí ó dúró ṣinṣin, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a gbà gbọ́, tí ó sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Kisenga gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ó kà. Bí Magole bá jẹ́ aláwàdà, ìjà Kisenga kì bá tí jẹ́ ìjà rárá. Àwa alùfáà mọ̀ pé òtítọ́ ni èyí. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ mú ìyìn rere wá sí ilẹ̀ yìí kò bá ọmọ ìṣeré jà. Àwọn ọlọ́gbọ́n àgbà tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n bá fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ẹni tí ó bá sọ alátakò di òmùgọ̀ nínú ìtàn, ó ti tẹ́ ìṣẹ́gun náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

A wá dé ibi tí a fẹ́ kí ẹ rántí bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ní ọdún 1949 ni sinimá The Hasty Heart jáde, láti inú eré tí John Patrick kọ. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ìparí ogun. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ baba wa lọ sí Bọ́mà, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì padà. Nínú ilé ìwòsàn náà ni a gbé ará Skọ́tláńdì kan wá, Lachie, ọ̀dọ́mọkùnrin agbéraga tí kò ní ẹnì kan láyé. Richard Todd ni ó ṣe é. Kò mọ̀ pé ikú ti wà lára òun, pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó kù fún òun. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ ọ́ fún àwọn tí ó wà ní yàrá náà, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é ní ọ̀rẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀, tí Ronald Reagan ṣe, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Ará Ọsirélíà wà níbẹ̀, ará New Zealand àti ará England wà níbẹ̀. Ọmọ ogun dúdú kan sì wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè sọ, èyí sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, "Blossom". Orlando Martins nìyẹn.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí ó ní ohùn bí ìlù ńlá, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fún un nínú gbogbo ìtàn náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí ni ìbá tún kéré ju èyí lọ?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìtàn náà ti yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni Lachie bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó kọ́ láti gba ọrẹ, ó kọ́ láti rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé òun ń kú lọ, àti pé gbogbo wọn ti mọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Ó ní àánú ni wọ́n ń ṣe òun, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ láti lọ kú ní òun nìkan. Bí ó ti fẹ́ jáde, Blossom na ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan sí i láti fi ta á lọ́rẹ. Lachie kọ̀ ọ́. Nígbà náà ni ará Amẹ́ríkà fi ìbínú wí fún un pé ọkùnrin yìí kò gbọ́ èdè wa. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé ìwọ ń kú lọ. Nítorí náà ọ̀rẹ́ tirẹ̀ kò ní àánú nínú, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fọ́ ọkàn líle náà. Lachie sunkún, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró láàárín wọn títí òpin.

Gbogbo àwọn tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì wọlé. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ìtàn náà fi ẹ̀yìn tì. Bí ojú Martins kò bá fi ìfẹ́ tòótọ́ hàn ní wákàtí náà, bí ó bá ṣe é bí ẹni tí ó ń retí owó oṣù, kò sí ẹni tí ìbá gbà pé Lachie lè yí padà. Ó jókòó sí igun yàrá, ó ṣọ́ ipa rẹ̀, nígbà tí àkókò sì tó, ó na ọwọ́ rẹ̀.

A máa ń rántí Símónì ará Kírénè bí a bá ń ronú lórí èyí. Kírénè wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní apá ibi tí a ń pè ní Líbíà. Àwọn ọmọ ogun mú un ní ojú ọ̀nà, wọn kò bi í bóyá ó fẹ́. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán an. Ìwé Mímọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, kò sí ìjọ kan ní ayé tí kì í rántí rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí orúkọ àwọn tí wọ́n fi agbára mú un ti parun. Bákan náà ni ọmọdébìnrin tí ó wà ní ilé Náámánì, ẹrú ni ní tòótọ́, gbólóhùn kan ni ó sì sọ. Gbólóhùn náà ni ó wo olórí ogun sàn.

Lẹ́yìn ọdún 1949, iṣẹ́ kò wọ́n fún un mọ́, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó ṣeré nínú Where No Vultures Fly ní ọdún 1951 àti nínú Simba ní ọdún 1955. Ó ṣe olóyè nínú ìtàn Tarzan kan ní ọdún 1957. Ní ọdún 1959 ó ṣe Kalulu, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, nínú The Nun's Story, níbi tí Audrey Hepburn ti ṣe obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ka àwọn ipa wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé baálẹ̀, adáhunṣe, ọmọ ogun àti ìránṣẹ́ ni ó pọ̀ jù. Àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ ìtàn náà kò rò pé ọkùnrin dúdú lè jẹ́ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. A kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n Martins bo àdánù yìí. Ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ohun tí ó ṣe ní ọdún 1949, kí ni kì bá ti fi ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ṣe? A kì yóò mọ̀ láéláé, a sì ní láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí ó sọnù nítòótọ́.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. Ó padà sí ilé. Ní ọdún 1970, a ya sinimá Kongi's Harvest ní Nàìjíríà, láti inú eré tí Wole Soyinka kọ. Soyinka tìkára rẹ̀ ni ó ṣe Kongi, Ossie Davis láti Amẹ́ríkà ni ó darí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Francis Oladele, ni ó sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Orlando Martins, ẹni àádọ́rin ọdún, wà níbẹ̀. Ó ṣe Dókítà Gbenga. Ẹ kíyè sí i, ará: ọ̀mọ̀wé ni, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ní ọdún 1971, ó tún wà nínú sinimá tí a mú jáde láti inú ìwé Chinua Achebe, Things Fall Apart. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kọ ìtàn méjèèjì. Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni èyí bọ́ sí, ó sì lo àwọn ọdún tí ó kù ní Èkó níbi tí a ti bí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni ó kú, ó jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin ará wa, kí ni àwa yóò fi ìtàn yìí ṣe?

Èkíní, kí a yà òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ipa rẹ̀, bí àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n yà. Ní ilé ìjọsìn tiwa gan-an ni a ti ń ṣẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ṣe eré ìbí Jésù, gbogbo ìyá ni ó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun ṣe Màríà. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun ṣe Hẹ́rọ́dù. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò lẹ́nu nínú ìjọ ni a ń fi Hẹ́rọ́dù fún, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di Àjíǹde. Èyí kò dára. Bí kò bá sí Hẹ́rọ́dù, a kò ní lóye ìdí tí Jósẹ́fù fi sá lọ sí Íjíbítì.

Èkejì, kí a bi ẹni tí ó kọ ìtàn léèrè ju ẹni tí ó ṣe é lọ. A rí i bí ọdún kan ti yí Martins padà láti inú Sanders sí Boukman. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kọ, ọwọ́ yín ni àwọn ọmọ yìí wà. Hubert Ogunde ará Òṣoosà ní Ìjẹ̀bú, tí a ń pè ní baba eré orí ìtàgé wa, inú ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Bíbélì nípa ọgbà Édẹ́nì ni ó fi ṣeré fún ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944. Ìjọ tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè wí pé ọ̀rọ̀ eré kò kan òun. Bí a kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ṣe olè nìkan, kí a kọ ìtàn tí ó ní ju olè lọ nínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a bá rán yín ni ó yẹ kí ẹ jẹ́. Ipa kan wà tí ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kí a lè kórìíra rẹ̀, òmíràn sì wà tí ó ń ta ẹ̀ṣẹ̀ bí ọjà. Ẹ kọ èkejì, bí ebi tilẹ̀ ń pa yín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá mọ́, tí ó kàn kéré ni, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Ẹ rántí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún.

A ti fẹ́ parí. Nígbà tí a ti ro gbogbo èyí tán, a lọ sí Ayétòrò lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, a sì bá ọmọ opó náà ní ilé ìyá rẹ̀. A bi í pé báwo ni ó ti ń ṣe ipa olè yìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, wọn kì í kọ orúkọ olè náà sínú ìwé eré. Olè Kìíní, Olè Kejì ni wọ́n ń kọ. Èmi a máa fún un lórúkọ fúnra mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo sì máa ń rò ó pé olè náà ní ìyá."

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Kò sọ ohunkóhun. Ó dìde, ó lọ bu omi wá fún wa mu. Nígbà tí a ń lọ, ó sìn wá dé ojú títì, ó sì ní, bí wọ́n bá tún pe òun ní ìyá olè ní ọjà, òun yóò béèrè lọ́wọ́ wọn pé èwo nínú àwọn olè náà, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ní orúkọ.

Kí Ọlọ́run tí kì í gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti fi t'ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán wa.